Orí Táǹkì Ni A Ti Bẹ̀rẹ̀: Ìtàn Báàgì Iwájú Alùpùpù

Àwa tí wọ́n bí sí Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì nígbà tí ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde, ibi tí a kọ́kọ́ jókòó sí lórí alùpùpù kì í ṣe síìtì. Orí táǹkì ni. Bàbá ń wà á, ìyá wà lẹ́yìn, àbúrò wà lẹ́yìn ìyá, àwa wà níwájú pátápátá, ẹsẹ̀ ọ̀tún lápá ọ̀tún táǹkì, ẹsẹ̀ òsì lápá òsì, ọwọ́ wa di àárín ọwọ́ alùpùpù mú. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wa lójú, ooru ẹ́ńjìnì ń ta wá lẹ́sẹ̀. A máa ń rò pé àwa gan-an là ń wa ọ̀kadà náà.

Nísinsìnyí a ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Àwa mẹ́ta tí a jọ ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, tí a ń jókòó sí Ìkẹ́rẹ́ kọ kóòdù fún àwọn tó wà lókè òkun, dáwó jọ, a ra alùpùpù tòkunbọ̀ kan, BMW F650GS. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn ni, ó lè rìn lórí ọ̀dà, ó sì lè rìn lórí yẹ̀pẹ̀. Ohun tó kù ni báàgì orí táǹkì, ìyẹn àpò tí wọ́n ń dè síwájú ẹni tó ń wa alùpùpù, láàárín ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀. A rò pé ọjà ìṣẹ́jú márùn-ún ni. A lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a yan èyí tó tóbi jù, tówó rẹ̀ sì kéré jù, a sanwó.

Nígbà tí báàgì dé, a rí i pé òòfà, mágínẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa mọ̀, ló yẹ kó di báàgì náà mú. Òòfà yìí ò lẹ̀ mọ́ táǹkì wa rárá. A ní kò burú, a gé rọ́bà tíúbù, a fi dè é. Láàárín Àkúrẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́, alùpùpù já sí kòtò kan, ó fò, báàgì náà fò. Kí a tó yí padà dé ibẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ti gun orí rẹ̀ kọjá. Láptọ́ọ̀pù tó wà nínú rẹ̀ di pẹlẹbẹ, pẹ̀lú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tí a ò tíì fi sórí GitHub. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa ò gbọ́ ẹjọ́. Owó iṣẹ́ yẹn lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bi ta ni? Ká má purọ́, ẹ̀bi wa ni. Àwa tí a máa ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n ka ìlànà kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì, a ò bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo kí a tó rajà: kí ló yẹ kó wà lórí táǹkì, kí sì ni kò yẹ? Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn ni a rí i pé ìbéèrè náà nítàn, ìtàn ọ̀hún sì kan Ìkẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní nǹkan bí 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè tó wá di ọmọ Ìsẹ̀ Èkìtì, gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ìlẹ̀kùn yẹn ò sí nílé mọ́. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní London. Ibẹ̀ ni British Museum ti rí i tí ó wù wọ́n, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Òpó kan nínú àwọn òpó náà wà ní ilé ọnà Art Institute ní ìlú Chicago títí di òní.

Kí ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sára ìlẹ̀kùn náà? Ìrìn àjò ni. Lápá kan, Ògògà jókòó, adé wà lórí rẹ̀, àwọn olorì wà ní sàkání rẹ̀. Lápá kejì, Captain Ambrose, òyìnbó aṣojú ìjọba amúnisìn, ń bọ̀ wá kí ọba. Kò fi ẹsẹ̀ rìn. Ènìyàn ló gbé e, tòun ti ohun tó jókòó lé, àwọn aláàárù sì ń ru ẹrù tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wo ìlẹ̀kùn yẹn dáadáa á rí bí ọ̀rọ̀ ẹrù ṣe rí láyé ìgbà náà: ẹni tó ni ẹrù ò ru ẹrù rẹ̀, orí ẹlòmíràn lẹrù wà.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí fún àwọn ìyá ìyá wa tó ń ti Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùré náwó ọjà. Àwọn fúnra wọn ló ń ru tiwọn. Wọ́n á kọ́kọ́ ká òṣùká, wọ́n á gbé e lé orí, kí wọ́n tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé òṣùká. Ohun tó wúwo wà lórí. Ṣùgbọ́n owó ọjà ńkọ́? Owó ò sí nínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ etí ìró, níwájú, níbi tí ọwọ́ lè kàn án nígbàkúùgbà. Láìsí ìwé, láìsí ilé-ìwé, wọ́n ti pín ẹrù sí ọ̀nà méjì: èyí tó wúwo ní ibi tí ara ti lágbára láti gbé e, èyí tó ṣọ̀wọ́n ní ibi tí ojú àti ọwọ́ ti tó o. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ yìí dání, ẹ ti mọ ìdajì ohun tí báàgì orí táǹkì wà fún.

Kẹ̀kẹ́ ológeere dé, ẹrù kúrò lórí, ó bọ́ sórí kẹríà lẹ́yìn. Àárín orúnkún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣófo, àfi irin fírémù nìkan. Alùpùpù náà ò kọ́kọ́ yàtọ̀. Ní 1885, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ní Jámánì fi ẹ́ńjìnì sí ohun kan tó jọ kẹ̀kẹ́, tí wọ́n fi pákó ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, táǹkì epo alùpùpù dà bí agolo pẹlẹbẹ tí wọ́n há sáàárín irin fírémù méjì. Irin ló wà lórí rẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn lè gbé ohunkóhun lé.

Ìparí àwọn ọdún 1920 ni nǹkan yí padà. Àwọn tó ń ṣe alùpùpù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táǹkì tó gun irin fírémù bí gàárì ṣe ń gun ẹ̀yìn ẹṣin, ó dà sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ìdí ni pé irú táǹkì bẹ́ẹ̀ ń gba epo púpọ̀, ó sì dùn-ún wò. Kò sẹ́ni tó ronú pé ibi ìgbẹ́rùsí ni àwọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ibi gbọọrọ kan bá ti wà níwájú èèyàn, tó tẹ́, tí ojú tó o, ẹ̀dá ò ní ṣàì gbé nǹkan lé e. Bí ẹ bá ní tábìlì nílé, ẹ mọ ohun tí à ń wí.

Ilé-iṣẹ́ Triumph rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1949, wọ́n de irin onígọ́rọ̀gọ́rọ̀ mọ́ orí táǹkì alùpùpù wọn kí oníbàárà lè so ẹrù kékeré mọ́ ọn. Ìrònú tó dáa ni, àbí? Ó wúlò títí di ọjọ́ tí alùpùpù bá kọlu nǹkan. Bí alùpùpù bá dúró lójijì, ẹni tó gùn ún kì í dúró, iwájú ló ń sún lọ, irin yẹn á sì pàdé rẹ̀ ní abẹ́ ikùn. Àwọn ọkùnrin tó fara gbá a nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé irin náà di ohun àwàdà àti ohun ẹ̀rù láàárín àwọn ọlọ́kadà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, Triumph ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ irin yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Láàárín ìgbà yẹn ni ọmọ Yorùbá kan gun alùpùpù wọ inú ìtàn. Ta ni kò mọ Àjàlá? Àwọn òbí wa, bí ẹnìkan bá ń rìn kiri jù, Àjàlá ni wọ́n ń pè é. Èèyàn gidi ni, Olábísí Àjàlá. Ní 1952, nígbà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, aṣọ ilẹ̀ wa ló wọ̀. Lẹ́yìn náà ló gun Vespa yí ayé ká, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé An African Abroad, tó jáde ní 1963. Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin, orúkọ náà ò sì pa run mọ́. Ní 1999 ni Àjàlá kú.

Ohun tó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Àjàlá ni irú ohun tó gùn. Vespa ò ní táǹkì láàárín orúnkún. Abẹ́ ìjókòó ni epo rẹ̀ wà, iwájú rẹ̀ ṣófo, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì tàbí ẹ̀yìn ni ẹrù Vespa ń gbé. Kò sí báàgì orí táǹkì nínú ìrìn àjò tó lókìkí jù lọ tí ọmọ Yorùbá fi ẹsẹ̀ méjì rọ́bà ṣe. Èyí kọ́ wa ní nǹkan: báàgì yìí kì í ṣe dandan. Bí ẹ̀rọ bá ṣe rí lẹrù rẹ̀ ṣe ń rí.

Ní Jámánì, láti 1956, àwọn ọlọ́kadà ti ń pàdé lọ́dọọdún nínú òtútù yìnyín, ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Elefantentreffen, ìyẹn ìpàdé àwọn erin, nítorí alùpùpù Zündapp kan tí wọ́n ń fi erin pè. Ẹni tó bá máa rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú òtútù nílò ìbọ̀wọ́, oúnjẹ, àwòrán ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ nítòsí. Nínú irú ayé yìí ni báàgì orí táǹkì ti di gbajúmọ̀. Èyí tí ilé-iṣẹ́ Harro ṣe, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Elefantenboy, gbòde gan-an ní àwọn ọdún 1970. Ó tóbi, ó ga dé àyà, ó sì ń gba atẹ́gùn fún ẹni tó gùn ún. Ní ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí èèyàn jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ohun tó dà bí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1978, ìdíje Paris sí Dakar bẹ̀rẹ̀. Àwọn alùpùpù gba Áljíríà, Nìjẹ́ẹ̀, Málì, wọ́n dé Sẹ̀nẹ̀gà. Cyril Neveu ló kọ́kọ́ gbé igbá orókè, Yamaha XT500 ló gùn. Ní 1980, BMW gbé R80 G/S jáde fún ẹni tó bá fẹ́ rin títì àti igbó pọ̀. Nínú iyanrìn, èèyàn kì í jókòó, ńṣe ló ń dìde dúró lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, kó lè jẹ́ kí orúnkún gba kòtò dípò ẹ̀yìn. Bí báàgì gíga bá wà níwájú ẹni tó dìde dúró, á máa gbá a níkùn. Bí ẹni náà bá sì fẹ́ yí ọwọ́ alùpùpù dé ìpẹ̀kun, báàgì á dí i. Bí báàgì ìrìn àjò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kéré nìyẹn.

Ohun mìíràn yí padà: táǹkì fúnra rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, irin ni ọ̀pọ̀ jù lọ táǹkì, òòfà á sì dì í mú. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ alùpùpù ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀ sí í lo táǹkì oníke tàbí kí wọ́n fi ike bo irin. F650GS tiwa yìí tún lé e kan: ohun tó jọ táǹkì níwájú rẹ̀ kì í ṣe táǹkì rárá, ìbòrí oníke ni. Epo rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó, bíi ti Vespa Àjàlá! A lo oṣù mẹ́ta lórí alùpùpù yẹn, abẹ́ ìjókòó là ń rọ epo sí, síbẹ̀ a lọ ra báàgì olóòfà fún ike. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ó tọ́ sí wa.

Nítorí ike yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Givi ní Ítálì àti SW-Motech ní Jámánì fi ṣe òrùka tí wọ́n ń fi ìdè mọ́ ẹnu táǹkì, níbi tí ìdérí epo wà. Báàgì á já mọ́ òrùka náà, kò ní kan ọ̀dà ara táǹkì, ìka kan lèèyàn á sì fi yọ ọ́ bó bá fẹ́ rọ epo. Òṣùká òde òní nìyẹn. Òṣùká ló ń jẹ́ kí ẹrù jókòó, ìyá ìyá wa ò ní jẹ́ gbé apẹ̀rẹ̀ lórí kó tó wá òṣùká. Àwa gbé apẹ̀rẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ojú títì tiwa. Ní 1983, Gabriel Igbinedion dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní orúkọ ìlú rẹ̀, Ọ̀kadà, nítòsí Bìní. Ní 1986, ètò SAP bẹ̀rẹ̀. Owó náírà já wálẹ̀, mọ́tò wọ́n, iṣẹ́ ìjọba ò tó ná mọ́, àwọn tó ní alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò. Nítorí pé ó yára, tó ń fò kọjá gosíló, àwọn èèyàn fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú pè é. Okada Air ti dáwọ́ dúró tipẹ́, ọ̀kadà ṣì ń sáré láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Ẹ̀mùré.

Ọ̀kadà náà ní báàgì orí táǹkì tirẹ̀, ó kàn jẹ́ pé a kì í pè é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo Bajaj tó bá dúró níwájú ilé yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wọ ìbòrí táǹkì, èyí tí àwọn tó ń rán síìtì fi awọ oníke rán, tí wọ́n fi okùn fà mọ́ abẹ́. Òmíràn ní àpò lára: ṣéńjì wà níbẹ̀, ìwé alùpùpù wà níbẹ̀. Lórí ìbòrí yìí kan náà ni wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa lé, tàbí ewúrẹ́ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀, tàbí ọmọ. Àléébù ìbòrí náà ni pé òjò máa ń há sábẹ́ rẹ̀, tí táǹkì á sì dípẹtà láìsẹ́ni tó mọ̀. Mẹkáníìkì wa sọ ọ́ fún wa: bí ẹ bá fi aṣọ bo irin, ẹ máa ṣí i wò.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ohun tí a kọ́ nípa yíyan báàgì ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ná wa lówó, ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ohun tí táǹkì yín jẹ́ kí ẹ tó wo báàgì. Ẹ mú òòfà kékeré, ẹ gbé e lé e. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, ẹ lè ra olóòfà, ṣùgbọ́n ẹ máa nu eruku àti yanrìn abẹ́ rẹ̀ dáadáa, torí àwọn ló ń ha ọ̀dà. Bí kò bá lẹ̀, ẹ wá òrùka tàbí olókùn. Okùn iwájú á yí ọrùn fírémù ká lábẹ́ ọwọ́ alùpùpù, ti ẹ̀yìn á dè mọ́ irin abẹ́ ìjókòó. Rọ́bà tíúbù kì í ṣe okùn. Rọ́bà ń fà, ohun tó ń fà ń tú.

Èkejì, ẹ gbé báàgì náà lé e, kí ẹ yí ọwọ́ alùpùpù dé ìpẹ̀kun lọ́tùn-ún, dé ìpẹ̀kun lósì. Kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun, kò gbọdọ̀ tẹ họ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà kí ẹ dìde dúró lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, kí ẹ tẹ̀ síwájú. Bó bá gbá yín níkùn, ó ti tóbi jù. Fún ọ̀nà tiwa tí kòtò pọ̀ sí, báàgì tó gba lítà márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó. Ẹni tó bá ní ogún lítà òfìfo níwájú, á wá nǹkan kún un ṣáá ni.

Ẹ̀kẹta, òjò. Ní Èkìtì, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, òjò lè ká yín mọ́ ọ̀nà nígbàkúùgbà. Irú báàgì méjì ló wà: èyí tó ní aṣọ òjò lọ́tọ̀, àti èyí tí omi ò lè wọ̀ rárá, tí wọ́n ń ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ dípò síìpù. Èkejì ló dáa jù fún wa. Aṣọ òjò dára, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dúró ká tó wọ̀ ọ́ fún báàgì, òjò tiwa kì í sì í dúró deni. Bó bá sì di ọyẹ́, eruku á wọ inú eyín síìpù, á há a.

Ẹ̀kẹrin, fóònù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń de fóònù mọ́ ọwọ́ alùpùpù láti wo máàpù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, Apple fúnra wọn kìlọ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì alùpùpù ńlá lè ba ohun tó ń mú kí kámẹ́rà iPhone dúró déédéé jẹ́. Ẹ fi fóònù sínú àpò tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lókè báàgì. Aṣọ rírọ̀ tó wà nínú báàgì á gba gbígbọ̀n náà mọ́ra. Bí báàgì bá jẹ́ olóòfà, ẹ jẹ́ kí fóònù àti káàdì báńkì jìnnà sí òòfà.

Ẹ̀karùn-ún ló ṣe pàtàkì jù: ohun tó máa wọ inú rẹ̀. Ìwé alùpùpù àti láísẹ́ǹsì, kí ẹ má baà máa tú gbogbo ẹrù níwájú ọlọ́pàá. Owó kékeré. Omi. Aṣọ òjò. Bíbá tí ẹ fi ń lẹ tíúbù, bó bá fúyẹ́. Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́: sípánà, páńpù irin, pádílọ́ọ̀kì, ohunkóhun tó le. Ẹ rántí irin Triumph. Bí alùpùpù bá dúró lójijì, ikùn yín ló máa pàdé ohun tó wà nínú báàgì. Ẹ fi ara yín ro ó: ṣé aṣọ lẹ fẹ́ kọlù, àbí sípánà?

Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó láti fi wá owó gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Ó gbéra ní oṣù Kẹrin, ó dé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Ó gba aṣálẹ̀ kọjá. Nígbà tí a ń wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, bí ìwọ̀nba ẹrù ni ohun tó dà lọ́kàn wa rú. Ẹni tó lọ jìnnà ò ru púpọ̀. Àwa tí à ń ti Àkúrẹ́ bọ̀, nǹkan bí wákàtí kan, la kó ilé kúrò nílẹ̀.

A ò ra báàgì òkè òkun mọ́. A gbé alùpùpù lọ bá ọ̀gá kan tó ń rán síìtì ní Ìkẹ́rẹ́, a ní kó rán báàgì fún wa. Ó wo iwájú alùpùpù, ó wo wa, ó ní, “Ẹ̀yin bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ kó sínú rẹ̀?” Ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Tapólì ló fi rán an, ó fi tìmùtìmù tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó fi okùn gbọọrọ mẹ́rin dè é mọ́ fírémù, ó sì ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti àpò ìrẹsì. Kò lẹ́wà púpọ̀. A ti gbé e gba Ìsẹ̀ dé Ẹ̀mùré lẹ́ẹ̀mejì nínú òjò, kò tú, omi ò sì wọ̀ ọ́. Láptọ́ọ̀pù ti padà sẹ́yìn, àárín aṣọ ló wà, iṣẹ́ sì ń wà lórí GitHub kí a tó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ọ̀kan nínú wa lọ́mọ obìnrin ọmọ ọdún márùn-ún. Ọjọ́ tí báàgì tuntun dé, ọmọ náà jáde wá, ó wo iwájú alùpùpù, ó ní, “Dádì, ibo lèmi á jókòó sí?” Gbogbo wa dákẹ́. Ibi tí àwa jókòó sí ni báàgì gbà yẹn.

A ronú lé e. Kì í ṣe pé àwọn òbí wa ò fẹ́ràn wa tí wọ́n fi gbé wa sórí táǹkì. Kò sí mọ́tò, owó bọ́ọ̀sì wọ́n, wọ́n sì ṣe ohun tí ìyá ìyá wọn ṣe sí owó ọjà: ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ, wọ́n gbé e síwájú, níbi tí ojú àti apá wọn ti tó o. Ìfẹ́ ló gbé wa síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú tí ojú ti tó nǹkan ni iwájú tó máa kọ́kọ́ kọlu nǹkan. Owó ò ní egungun, ìwé ò ní egungun, ọmọ ní. Ohun tó dáa fún àpò ò dáa fún ọmọ, ìtàn irin Triumph ló sì là wá lójú. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Bàbá rẹ̀ gbé e, ó fi ìjókòó ẹ̀yìn hàn án, ó fi ibi ìgbẹ́sẹ̀lé hàn án. Ó ní, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá dé ibí yìí, tí a bá sì ti ra akoto tó bá orí rẹ mu, a jọ máa lọ wo Olósùnta. Ọmọ náà na ẹsẹ̀, kò dé. Ó ní kí wọ́n wọn òun lára ògiri, kí òun lè mọ iye tó kù. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri ilé. Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀, à ń wò ó ní gbogbo ìgbà tí a bá ń di báàgì.